Tẹ́ẹ bá fẹ́ ya grotesque bíi tàwọn ará ìgbà Baroque (Yúróòpù, nǹkan bí 1600 sí 1750), ẹ má kọ́kọ́ ya ojú

Àwòrán tí èèyàn bá dé ìdí tó di ewé, tí ìrù kìnnìún wá ń hu òdòdó, òun là ń pè ní grotesque. Ní nǹkan bí ọdún 1480 ni wọ́n já wọnú ààfin Nero, olú ọba ayé àtijọ́, ní Róòmù, ilẹ̀ ti bò ó tó fi dà bí ihò àpáta, ihò yẹn ni grotta lédè Ítálì, irú àwòrán yìí ló sì kún ara ògiri ibẹ̀, bó ṣe jẹ́rúkọ nìyẹn.

Ojú lọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré yà, orí á dáa gan-an, wọ́n á wá máa lẹ ewé mọ́ ọn, ó sì máa ń hàn pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ ni. Ìtì ewé ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ fà o! Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kan tó rọ̀, kó ká sósì, kó tún ká sọ́tùn-ún bí ìkarahun ìgbín, kó máa tín-ín-rín bó ṣe ń wọnú. Ibi tó bá ti wú jù ni kí ara ẹranko ti yọ. Irun ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa gùn díẹ̀díẹ̀ títí táá fi di iṣan ewé, ká má lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibí lawọ parí sí. Ẹ wo iṣẹ́ Stefano della Bella, ayàwòrán ọmọ Florence ní Ítálì tí wọ́n bí ní 1610, ọwọ́ ẹ̀ fúyẹ́ débi pé ewé yẹn ń mí. Jean Lepautre ti Paris náà mọ̀ ọ́n ṣe, àmọ́ tiẹ̀ kún jù fẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ojú lẹ máa yà kẹ́yìn.

Tẹ́ẹ bá wá fẹ́ gbé àwòrán náà sára abala bàbà, kẹ́ẹ lè máa fi tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ẹ fi ìda bo ojú bàbà yẹn, ẹ fi abẹ́rẹ́ ha àwòrán yẹn sára ìda, kẹ́ẹ wá kì í sínú ásíìdì (ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kẹ́ẹ ṣí fèrèsé, mo bẹ̀ yín). Bẹ́ẹ bá ti yọ ọ́, ẹ fi fáníìṣì dí àwọn ìlà tó yẹ kó fẹ́lẹ́, kẹ́ẹ dá a padà káwọn tó kù lè jinlẹ̀. Tẹ́ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tósì-tọ̀tún máa yí padà lórí bébà.

Tẹ́ẹ bá tẹ àkọ́kọ́ tójú oríkèé, ìyẹn ibi tí ẹranko àti ewé ti pàdé, ṣì hàn, ẹ fi ìda bo bàbà yẹn padà, ẹ fa iṣan ewé méjì mẹ́ta wọnú awọ, kẹ́ẹ tún un kì.