Bí mo ṣe gba M.Sc. ní Ifẹ̀ láì ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ ní Iléṣà

Iléṣà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS ní báyọ́lọ́jì, OAU, yunifásítì tó wà ní Ifẹ̀, ni mo ti gba M.Sc. Kìlómítà bíi 30 ló wà láàárín ìlú méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó sínú ọkọ̀ Ifẹ̀ lọ́sàn-án Friday, tí dírẹ́bà ṣì ń wá ẹnì kan ṣoṣo tó kù, á mọ̀ pé ọ̀nà yẹn lè gùn ju ti Èkó lọ. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi máa ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ṣe é. Bí mo ṣe ṣe é nìyí, àti ibi tí mo ti fẹsẹ̀ kọ.

Ẹ má tíì ra fọ́ọ̀mù o. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ìwé ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ yín wò. B.Sc. Zoology ni tèmi, second class lower, kò sì sẹ́ni tó yọ mí lẹ́nu. Àmọ́ B.Sc.Ed. ni ọ̀pọ̀ nínú wa ní, ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì mìíràn sì lè ní kí ẹ kọ́kọ́ ṣe PGD (Postgraduate Diploma), tàbí kí wọ́n júwe Faculty of Education fún yín. Ẹ fẹsẹ̀ ara yín rìn dé ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ wọ̀, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń mójútó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ postgraduate níbẹ̀. Ní ti transcript, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo máàkì yín, ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ti jáde ló ń fi í ránṣẹ́, wọn kì í gbé e lé yín lọ́wọ́. Ọjọ́ tí èrò ẹ̀kọ́ yìí bá ti sọ sí yín lọ́kàn ni kí ẹ ti san owó rẹ̀. Tèmi sùn sórí tábìlì ẹnì kan fún oṣù mẹ́ta, títí mo fi lọ jókòó tì í.

Kí òfófó tó dé etí ọ̀gá ilé ìwé, ẹ fẹnu ara yín sọ fún un, kí ẹ sì kọ lẹ́tà gba ọwọ́ rẹ̀ sí àwọn tó gbà yín síṣẹ́. Wọn ò fún mi ní study leave tó lówó oṣù nínú, èyí tí kò lówó nínú kò sì wúlò fún mi, nítorí owó oṣù yẹn náà ni mo fẹ́ fi san owó ilé ìwé. Ohun tó gbà mí ni timetable. Vice principal tó ń tò ó ni mo lọ bẹ̀. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kó gbogbo double period mi sí Monday títí dé Wednesday, kí Thursday mi lè ṣófo láti ago mọ́kànlá.” Ó wò mí títí. Mo wá fi kún un pé màá gba duty àárọ̀ Monday, èyí tí gbogbo wa ń sá fún. Ojú ẹsẹ̀ ló mú bírò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń rì ni iṣẹ́ ìwádìí. Kíláàsì M.Sc. kò le púpọ̀. Ẹ wá ọmọ kan tó ń gbé inú ọgbà tí yóò máa pè yín bí lecturer bá yí àkókò padà, ó parí. Ṣùgbọ́n ìwádìí, bí ẹ bá mú èyí tó fẹ́ kí ẹ wà ní lábù lójoojúmọ́, ẹ ti ṣubú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Supervisor mi kọ́kọ́ dá a lábàá pé kí n ṣiṣẹ́ lórí Opa Dam tó wà nínú ọgbà. Ibi tó dáa ni, àmọ́ àwọn tó ń gbé Ifẹ̀ ló yẹ. Mo ní mo fẹ́ odò tó wà nísàlẹ̀ ilé ìwé wa, níbi tí àwọn tó ń fọ ọkọ̀ wà: kí n bu omi lókè wọn, lọ́dọ̀ wọn àti nísàlẹ̀ wọn, lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún oṣù 12. Ibi mẹ́ta, omi 36, gbogbo rẹ̀ kò tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí kíláàsì mi.

Oṣù àkọ́kọ́, mo bu omi náà sínú ike lọ́jọ́ Friday, mo gbé e sí staff room, ó di Monday kí n tó gbé e dé Ifẹ̀ láti wọn ọ́síjìn rẹ̀. Èsì rẹ̀ kò jọ nǹkan kan. Supervisor bi mí pé, “Ìyáàfin, ta ló sọ fún yín pé omi ń dúró deni?” Ojú tì mí, nítorí èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ pé àwọn ẹ̀dá tíntìntín inú omi ń mí.

Bàbá lábù ló kọ́ mi ní Winkler, ọ̀nà kan tí a fi ń wọn ọ́síjìn inú omi. Ìgò onídèérí gíláàsì ni ẹ máa lò. Ẹ rì í sínú odò kó kún dẹ́nu, kí afẹ́fẹ́ kankan má kù síbẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Létí odò níbẹ̀ ni ẹ ó ti fi pipette da manganese sulphate sí i, kí ẹ tún da alkaline iodide sí i, kí ẹ dé e, kí ẹ sì yí i sókè sódò. Bí ọ́síjìn bá wà, ẹ ó rí nǹkan aláwọ̀ búráùn bí èlùbọ́ tó tú sínú omi, yóò máa rọra rọ̀ lọ sísàlẹ̀. Bí kò bá sí, funfun ló máa jẹ́. Ọ́síjìn ti há sínú rẹ̀ báyìí, ó lè dúró dè yín di ọ̀sán. Mo máa ń bu omi ní ago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, wákàtí kan náà lóṣooṣù, torí ọ́síjìn kì í dọ́gba láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Màá fi ìgò sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn, màá lọ sí assembly. Bí ilé ìwé bá jáde, màá da sulphuric acid sí i, yóò dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì, màá wá fi burette olùkọ́ kẹ́mísírì kán thiosulphate sí i títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣá, tí yóò ku yẹ́lò ráńpẹ́. Bí mo bá kán starch sí i, ó dúdú bí aró. Iodine tí a ń kán sórí iṣu ní SS1 náà nìyẹn! Ẹ máa kán an lọ títí aró yẹn yóò fi lọ pátápátá. (Ẹ má gbé ásíìdì wọ ọkọ̀ èrò láéláé. Inú lábù ilé ìwé ni tèmi ń gbé.)

Àwọn ewédò tíntìntín inú omi náà, tí mo tún ní láti kà, rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: Lugol's iodine díẹ̀ ni mo fi pa wọ́n mọ́, mo sì ń kà wọ́n lábẹ́ maikirosíkópù ilé ìwé nígbà tó bá rọgbọ. Nígbà tí ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2022, láti February di October, kíkà ni mo ń kà wọ́n ní tèmi.

May/June ni ti WAEC, ẹ má gba seminar kankan sí i. Owó ńkọ́? Àjọ staff room ni. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí kíkó mi bọ́ sí oṣù tí wọ́n ń san owó ilé ìwé.

Ní ti supervisor, ẹ rántí pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni yín, bí ẹ ò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Iléṣà lẹ ń gbé. Báwo ni òṣómàáló ṣe ń gba owó aṣọ? Ó ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ni. Gbogbo Thursday ni mo ń lóṣòó ti bàbá yẹn, pẹ̀lú orí ìwé kan lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ojú ewé mẹ́rin. Bí kò bá sí ńlé, màá fi ìwé sílẹ̀, màá kọ déètì sí i lórí. Nígbà tó yá, bó bá ti rí mi báyìí, á ní, “Olówó mi ti dé.”

Lẹ́yìn tí external examiner, olùdánwò tó ti ìta wá, bá ti bi yín ní ìbéèrè rẹ̀, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ ṣe correction, torí ibẹ̀ ni àwọn ẹlòmíràn ti ń lo ọdún kan. Bí èsì bá jáde, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ fi ọ̀kan sí fáìlì yín ní ilé ìwé, ọ̀kan sí ti ọ́fíìsì àwọn tó gbà yín síṣẹ́, kí ẹ gba òǹtẹ̀ lórí ẹ̀kẹta. Ọjọ́ tí mo mú tèmi dé, vice principal kí mi kú oríire, ó wá ní, “Ó yá, Àǹtí, ẹ dá Thursday mi padà.”