Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Díìsì Bíréèkì Tó Ti Jẹ

Bí díìsì bíréèkì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ roboto tó ń bá táyà yí, bá ti jẹ, ẹsẹ̀ tó tẹ bíréèkì á máa gbọ̀n, ìka tí a bá sì fi tọ́ ojú irin náà dé etí á kan gegele níbẹ̀. Síbẹ̀, bó ṣe nípọn tó ló ń sọ bóyá ó tó pààrọ̀. Ìwọ̀n tó kéré jù wà lára díìsì náà, níwájú MIN TH. Bó bá ti dé ibẹ̀, pípààrọ̀ ló kù, ti ọ̀tún àti ti òsì papọ̀, pẹ̀lú páàdì tuntun, ìyẹn ohun tó ń fún díìsì mú.

Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ọkọ̀ wà. Kí a kọ́kọ́ dẹ nọ́ọ̀tì táyà kí a tó fi jáàkì gbé e, kí a sì fi irin ìdúró gbè é lẹ́sẹ̀, nítorí jáàkì nìkan kò tó ohun tí a ń fi ẹ̀mí lé lọ́wọ́. Bí a bá tú kálípà, ìyẹn ohun tó gbé páàdì dání, wáyà ni kí a fi gbé e kọ́; bí a bá jẹ́ kó máa rọ̀ lára họ́ọ̀sì tí epo bíréèkì ń gbà, họ́ọ̀sì lè ya nínú láìjẹ́ pé ojú rí i. Bí díìsì bá lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù, ìyẹn ibi tí a ń de òun àti táyà mọ́, ọ̀pọ̀ díìsì ló ní ihò méjì tí bóòtì ń wọ̀: ká máa fún wọn díẹ̀díẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò ṣí. Ti ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tó ń lo bíréèkì afẹ́fẹ́ yàtọ̀: sípíríǹgì inú rẹ̀ lè pani, ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni kó fọwọ́ kàn án.

Ojú họ́ọ̀bù ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà rẹ̀ títí irin á fi dán, pàápàá yíká ìdí bóòtì táyà, nítorí pé ìpẹtà tí kò nípọn ju bébà lọ ní àárín lè mú kí etí díìsì máa mì bó ṣe ń yí. Bó bá ti rìn fún ìgbà díẹ̀, ibì kan á jẹ ju ibì kan lọ, ẹsẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọn á ní díìsì tuntun náà ni kò dára.

Ẹ fi oògùn ìfọbíréèkì fọ òróró tó wà lára díìsì tuntun kúrò. Ẹ rọra ti písítìnì, èyí tó ń ti páàdì nínú kálípà, padà, kí ojú sì wà lára ike epo bíréèkì kó má baà kún ya. Písítìnì ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń lo bíréèkì ọwọ́ oníná kò ṣeé fi agbára tì. Ẹ fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò tú u sílẹ̀ ná. Ìwọ̀n agbára tó wà nínú ìwé ọkọ̀ ni kí ẹ fi fún gbogbo bóòtì le.

Kí ọkọ̀ tó rìn rárá, ẹ máa tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà, lójú ọ̀nà tó dá, ẹ máa dẹ eré láti 50 km/h sí nǹkan bíi 10, nígbà mẹ́wàá, láìdúró pátápátá, kí ẹ sì wakọ̀ díẹ̀ kó lè tutù. Ẹ má tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ lójú kan nígbà tó ṣì gbóná, kí páàdì má baà fi àbààwọ́n rẹ̀ sílẹ̀ lójú irin.