Ṣéńjì ₦200 gbé e sùn sí àhámọ́: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìjà ìta gbangba

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni. Ọ̀dọ́kùnrin kan wọ dánfó láti Òṣòdì lọ sí Ìyànà-Ìpájà. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, kọ̀ndọ́kítọ̀ kò ní owó wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, ló bá so ọ̀dọ́kùnrin náà pọ̀ mọ́ ìyá kan. Ó na ₦500 kan sí ìyá náà, ó ní kí àwọn méjèèjì lọ wá ibi tí wọ́n á ti ṣẹ́ ẹ. ₦200 ni ti ọ̀dọ́kùnrin yìí níbẹ̀. Kó tó sọ̀ kalẹ̀ tán, ìyá ti wọ inú èrò lọ. Ẹni tó bá ń gbé Èkó mọ èyí tó kù. Ó di kọ̀ndọ́kítọ̀ lọ́rùn ẹ̀wù mú pé àfi kó san owó òun, ẹ̀wù fàya, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ fọ́, àwọn ọlọ́pàá tó ń kọjá lọ sì kó àwọn méjèèjì.

Èmi ni lọ́yà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ fún mi láti ẹ̀yìn káńtà ni pé, "Lọ́yà, èmi ni mo jàre o, ẹ bi ẹnikẹ́ni."

Ó jàre lóòótọ́. Kì í ṣe torí ìyẹn ni wọ́n ṣe mú un.

Àṣìṣe tó bí gbogbo ìyókù nìyẹn: a máa ń rò pé ẹni tó bá ti jàre ọ̀rọ̀ ti jàre òfin. Ẹ̀sùn tí wọ́n sábà máa ń fi kan èèyàn lórí irú ìjà báyìí ni pé ó da omi àlàáfíà ìlú rú. L'Ọ́ṣun àti Ògùn, abala 249 nínú òfin ìwà ọ̀daràn ló wà fún un; l'Ékòó, abala 168 nínú òfin ọdún 2015 ni. Ohun tí òfin yìí fẹ́ mọ̀ kò ju méjì lọ: ṣé gbangba lo ti ṣe é, ṣé ìwà tó lè dá wàhálà sílẹ̀ sì ni? Ta ló jẹ ta lówó, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn.

"Ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kàn án." Mo máa ń gbọ́ èyí náà dáadáa. Òfin kò dúró de ìgbà tí ẹ̀ṣẹ́ bá balẹ̀. Ẹni tó bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, tó fọ́ ìgò mọ́lẹ̀, tó ń pariwo pé "ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n pa á lónìí!", ti ṣe é tán, bí kò tilẹ̀ gbá ẹnikẹ́ni. Àwọn tó dì í mú gan-an ni agbefọ́ba máa pè ní ẹlẹ́rìí. (Gbogbo wa la sì mọ àwọn tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá rí ẹni dì wọ́n mú ni ìbínú wọn tó ń gbóná.)

Àwọn mìíràn rò pé ojú títì nìkan ni gbangba. Nínú òfin, gbangba ni ibikíbi tí èrò ní ààyè láti wọ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀fẹ́, ìbáà jẹ́ pé wọ́n á sanwó kí wọ́n tó wọlé. Inú dánfó, gbangba ni. Ilé ọtí, gbọ̀ngàn ìnáwó, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí, gbangba ni gbogbo wọn. Mo ti rí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti orí máìkì ṣọ́ọ̀ṣì.

Ti "òun ló kọ́kọ́ gbá mi" wá ńkọ́? Òfin gbà kí èèyàn gbèjà ara rẹ̀, kó sì lo agbára tó mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó gbá ọ létí bá ti sá, tí o lé e dé abẹ́ bíríìjì, tí o wá lù ú níbẹ̀, ìgbèjà ti parí, ìjà ló kù. Abala 83 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí Ọ̀ṣun àti Ògùn ń lò ní kí ẹni tó bá kópa nínú ìjà ní gbangba lọ ṣẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún kan. Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọ ni. Orúkọ tó sì ń sọ ni ní kóòtù ni olùjẹ́jọ́ kìíní àti olùjẹ́jọ́ kejì. Àtìwọ àti ẹni tó kọ́kọ́ gbá ọ lẹ jọ máa dúró sínú àpótí kan náà.

Ìjìyà dída omi àlàáfíà rú lábẹ́ abala 249 kò ju ẹ̀wọ̀n oṣù kan lọ, àwọn kan a sì máa fi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀sùn yìí kì í sábà dá wá. Ẹ̀wù tó ya àti gíláàsì tó fọ́ di bíba nǹkan oníǹkan jẹ́, ìyẹn ọdún méjì lábẹ́ abala 451. Ètè tó bẹ́ di ìfarapa, ọdún mẹ́ta lábẹ́ abala 355. Èyí tó sì burú jù ni kí ọlọ́pàá dé, kí o wá di òun náà ní kọ́là mú pé "o mọ ẹni tí mo jẹ́?" Bí o bá fọwọ́ kan ọlọ́pàá lẹ́nu iṣẹ́, tàbí o dènà rẹ̀, abala 356 ń dúró dè ọ́, ọdún mẹ́ta sì lòun náà. Bó bá tilẹ̀ ṣe pé ọlọ́pàá náà ló ṣàṣìṣe, bá a dé tẹ́ṣàn, kí o pe lọ́yà rẹ.

Ní tẹ́ṣàn gan-an, ẹnu wa ló ń pa wá. Ìyá ọ̀dọ́kùnrin yìí dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó kúnlẹ̀ síwájú ọlọ́pàá tó ń kọ̀wé: "Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi, iṣẹ́ èṣù ni, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́yìn rẹ̀, ó ní iṣẹ́ èṣù ni. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tí kò ṣe nǹkan kan a máa sọ bẹ́ẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè tètè rọlẹ̀. Nígbà tí mo dé, tí mo ka ìwé tí wọ́n kọ, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé afurasí gbà pé òun ṣe é, ó sì bẹ̀bẹ̀. Ó ti fọwọ́ sí i. Kò kà á. Ìwé òfin tó ga jù nílẹ̀ wa, abala 35, fún un láṣẹ láti pa ẹnu mọ́ títí yóò fi bá lọ́yà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀wọ̀ ni ìdọ̀bálẹ̀, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Iṣẹ́ èṣù yẹn ni kí ẹ fi sílẹ̀ nílé.

Abala 35 yìí kan náà ló ní kí wọ́n gbé èèyàn dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàárín kílómítà 40. Ẹni tí wọ́n mú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yóò gbọ́ pé kóòtù kì í jókòó ní Sátidé. Nítorí náà, béèlì ní tẹ́ṣàn ni kí ẹbí sáré wá lóru ọjọ́ náà, kí ọ̀gá tó lè fọwọ́ sí i tó lọ sílé. Ọ̀fẹ́ ni béèlì. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri, èèyàn a sì máa dúró lábẹ́ rẹ̀ ka owó.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n mú ìyá dúró nítorí ọmọ tó sá. Òfin Èkó ọdún 2007 lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn àti ti ìjọba àpapọ̀ ọdún 2015 ti ka ìyẹn léèwọ̀. Bí wọ́n bá sì ní ẹ̀sùn rẹ ni pé o ń rìn gbéregbère lóru, wọ́n ti pa ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ rẹ́ láti ọdún 1989.

Àṣìṣe tó kẹ́yìn wà nínú kóòtù. Wọ́n ka ẹ̀sùn tán, wọ́n bi èèyàn bóyá ó jẹ̀bi, ó ní, "Mo jẹ̀bi pẹ̀lú àlàyé." Ó fẹ́ kí ó tán lónìí kó lè padà síbi iṣẹ́. Ẹni tó bá ní àlàyé, "mi ò jẹ̀bi" ni kó sọ, torí ìgbẹ́jọ́ ni àyè àlàyé. Ẹ̀bi tí o fẹnu ara rẹ gbà ń wọ ìwé, ó sì lè jáde lọ́jọ́ tí o bá nílò ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá láti fi gba físà.

Ọ̀dọ́kùnrin yẹn sùn títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó ní òun kò jẹ̀bi, a rí oníduùró fún un, adájọ́ sì ní kí òun àti kọ̀ndọ́kítọ̀ lọ wò ó bóyá wọ́n lè parí rẹ̀ láàárín ara wọn. Wọ́n parí rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn kóòtù. Ó ra gíláàsì, ó ra ẹ̀wù, ó san owó mi. Ṣéńjì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ìyá tó wọ inú èrò lọ.