Bí Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Yunifásítì Amẹ́ríkà Ṣe Yẹ Kó Máa Yan Alátakò Tí Kò Sí Nínú Líìgì Rẹ̀

Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sáré ní Amẹ́ríkà ni mò ń sọ o, kì í ṣe èyí tí à ń fẹsẹ̀ gbá. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 12 ni ẹgbẹ́ yunifásítì ńlá kọ̀ọ̀kan ń gbá kí ìdíje àṣekágbá tó dé. Líìgì tí wọ́n wà ló ń yan mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án fún wọn, wọn ò sì lẹ́nu níbẹ̀. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó kù, ọ̀gá eré ìdárayá yunifásítì fúnra rẹ̀ ló ń wá alátakò sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba ọdún wọn jẹ́ kí wọ́n tó wọ pápá rárá.

Ẹ kọ́kọ́ ka iye ọjọ́ tí ẹ máa gbá nílé. Nínú Big Ten, ọ̀kan nínú àwọn líìgì ńlá náà, mẹ́sàn-án ni ti líìgì. Lọ́dún kan, ẹ ó gbá márùn-ún nílé, mẹ́rin lóde. Lọ́dún kejì, á yí padà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje nílé ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ńlá ń wá, torí ibẹ̀ ni owó tíkẹ́ẹ̀tì àti owó ibi ìgbọ́kọ̀sí wà, ibẹ̀ náà ni àwọn olóúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì ìlú ti ń jẹun. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ bá ẹgbẹ́ kan ṣe àdéhùn pé kó wá sílé yín kí ẹ̀yin náà lọ sílé rẹ̀, ọdún tí líìgì fún yín ní márùn-ún nílé ni kí ẹ lọ. Ẹ wo Iowa àti Iowa State, aládùúgbò rẹ̀. Ní 2024, mẹ́rin péré ni líìgì fún Iowa nílé, ṣùgbọ́n Iowa State ló wá bá wọn, Illinois State àti Troy náà sì wá: méje. Ní 2025, líìgì fún wọn ní márùn-ún, wọ́n lọ bá Iowa State ní Ames, wọ́n gba Albany àti UMass lálejò: méje náà ni. Ẹni tó bá fọwọ́ síwèé láìwo èyí, ọdún kan á dé tí pápá rẹ̀ máa ṣófo lọ́jọ́ tó yẹ kó pawó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọn agbára ara yín láìtan ara yín jẹ. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Nígbà tí Bill Snyder di kóòṣì Kansas State ní 1989, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n borí lọ́dún yẹn, North Texas ni wọ́n sì borí, 20 sí 17. Ó rọra ń wá àwọn alátakò tápá àwọn ọmọ rẹ̀ ká, títí ara wọn fi le. Mi ò bá a wí. Ẹgbẹ́ tó ń kọ́ ìrìn kò gbọdọ̀ máa sáré bá àgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn lópin. Ní 1998, Kansas State borí gbogbo 11 tí wọ́n gbá, wọ́n wá pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá Big 12, líìgì wọn, sọ́wọ́ Texas A&M, 36 sí 33. Àwọn aláìlágbára tí wọ́n ti borí kò rí nǹkan kan sọ fún wọn, wọ́n sì rán wọn lọ sí Alamo Bowl, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìparí ọdún tí kò lórúkọ tó èyí tí wọ́n ń wá.

Alátakò kékeré tí ẹ ń sanwó fún kó wá, ẹ má fojú tín-ín-rín yàn án. Michigan san 400,000 dọ́là fún Appalachian State ní 2007. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù, Michigan fẹ́ fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọlé kí wọ́n lè borí, ni Corey Lynch bá fò, ó fara dí i, ó gbé bọ́ọ̀lù ó sáré gba òdìkejì pápá lọ. Èrò tó lé ní 109,000 dákẹ́ rọ́rọ́. Appalachian State borí, 34 sí 32. Ní 2022, Texas A&M san mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là fún Appalachian State yìí kan náà, àlejò náà tún na onílé. Ẹ wo fídíò ẹgbẹ́ náà, ẹ wo bí kóòṣì wọn ti pẹ́ tó, kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́. Ẹ sì rántí pé tí ẹ bá ń wá ìborí mẹ́fà tó ń gbé ẹgbẹ́ dé bowl, ìyẹn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìparí ọdún, ẹyọ kan péré lórí ẹgbẹ́ FCS, ìpele tó wà lábẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ ńlá, ni wọ́n máa kà fún yín.

Èyí tó ń dùn mí jù nìyí: ẹ má ra ọmọ ọlọ́mọ wá fún ìyà. Ní 2012, Savannah State, yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Georgia, lọ bá Oklahoma State, wọ́n nà wọ́n ní 84 sí òdo. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n lọ bá Florida State, ó di 55 sí òdo kí mànàmáná tó bá wọn dá a dúró. Yunifásítì wọn nílò owó náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara àwọn ọmọ yẹn ni wọ́n fi san án. Alátakò tó lè gbìyànjú ni kí ẹ pè.

Ẹ gba alágbára kan lọ́dọọdún, bí ẹ bá ń lé ife ẹ̀yẹ. Ní 2014, Baylor gbá SMU, Northwestern State àti Buffalo lẹ́yìn òde líìgì, wọ́n parí pẹ̀lú ìborí 11, ìgbìmọ̀ tó ń yan àwọn ẹgbẹ́ tó máa du ife kò mú wọn. Ohio State pàdánù nílé sọ́wọ́ Virginia Tech lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, wọ́n mú wọn, wọ́n sì gba ife. Ní 2025, Miami àti Notre Dame jọ borí 10, wọ́n jọ pàdánù 2. Miami ni wọ́n mú, torí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, Miami ti na Notre Dame 27 sí 24. Àwọn kan á ní ẹ wo Texas, tó lọ sílé Ohio State lọ́dún náà, tó pàdánù 14 sí 7, tí wọn ò sì mú. Lójú tèmi, ìpàdánù méjì mìíràn tí wọ́n ní lẹ́yìn ìyẹn ló ṣe wọ́n, kì í ṣe ìgboyà wọn.

Ẹ fi alágbára yẹn síbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí àyè wà láti dìde tí ẹ bá ṣubú. Ẹ lè fi aláìlágbára ṣáájú ìjà ńlá, kí àwọn tó fara pa lè sinmi. Alabama gba Eastern Illinois lálejò lóṣù kọkànlá 2025, lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Auburn, alátakò wọn ńlá.

Ìwé àdéhùn ló kù. Ẹ kọ iye tí ẹni tó bá yẹ àdéhùn máa san síbẹ̀, kó pọ̀ débi tí yóò dun ẹni náà. Ẹ kọ iye tíkẹ́ẹ̀tì tí àlejò máa gbà, àti líìgì tí rẹfirí máa ti wá. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí èyí tó ku ọdún 12 kó tó wáyé, torí kóòṣì tó máa gbá a lè má tíì jáde ilé ẹ̀kọ́.