Bí Alákòóso Ṣe Lè Fi Àwòṣe Ìṣirò Ṣe Ìpinnu

Púpọ̀ nínú ìpinnu tí alákòóso ilé iṣẹ́ ń ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ bí a ó ṣe pín ohun tí kò tó: wákàtí òṣìṣẹ́ kò tó, ẹ̀rọ kò tó, ọkọ̀ akẹ́rù kò tó, owó náà kò sì tó, bẹ́ẹ̀ oríṣiríṣi iṣẹ́ ló ń du gbogbo wọn. Irú ìpín bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní operations research ń bá wa yanjú, nípa kíkọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní ìṣirò, èyí tí a ń pè ní àwòṣe. Ní 1939, Leonid Kantorovich, ọmọ ilẹ̀ Soviet, tẹ ìwé kan jáde lórí rẹ̀ lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ tó ń ṣe pílíwúùdù bi í léèrè bí àwọn ṣe lè pín iṣẹ́ fún àwọn ẹ̀rọ wọn. Ní 1947, George Dantzig gbé ọ̀nà ìṣirò tó ń jẹ́ simplex kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà títí dòní. Kò pọn dandan kí alákòóso mọ bí simplex ṣe ń ṣe é. Ohun tó gbọ́dọ̀ mọ̀ ni bí a ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀ àti bí a ṣe ń ka èsì tó bá mú wá, nítorí pé ibi méjèèjì yìí ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Kí o tó ṣí kọ̀ǹpútà rárá, mú bébà, kí o sì fi ọ̀rọ̀ lásán dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí ló wà ní ìkáwọ́ wa láti yí padà? Èkejì, kí la fẹ́ kó pọ̀ jù lọ, tàbí kó kéré jù lọ? Ẹ̀kẹta, kí ni kò ní jẹ́ ká ṣe é bó ṣe wù wá? Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló rọrùn létí, òun náà ló sì ń gbé ènìyàn ṣubú jù, torí pé àwọn mìíràn á kọ iye tí oníbàárà máa rà síbẹ̀ bí ẹni pé àwọn ló ń bá oníbàárà pinnu. Iye tí a máa ṣe ló wà lọ́wọ́ wa. Iye tí wọ́n máa rà jẹ́ gbèdéke, inú ìdáhùn ìbéèrè kẹta ló sì yẹ kó wà.

Ẹ jẹ́ ká mú iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé onígi. Ilẹ̀kùn kan ń gba wákàtí 3 ní ẹ̀ka ìgégi àti wákàtí 2 ní ẹ̀ka ọ̀dà. Fèrèsé kan ń gba wákàtí 2 ní ẹ̀ka ìgégi àti wákàtí 3 ní ẹ̀ka ọ̀dà. Lọ́sẹ̀ kan, ẹ̀ka ìgégi ní wákàtí 120, ẹ̀ka ọ̀dà ní 130. Èrè orí ilẹ̀kùn kan jẹ́ 8, ti fèrèsé kan jẹ́ 7, owó yòówù kí a fi kà á. Ẹni tó bá fi ojú lásán wò ó á ní ilẹ̀kùn ló lérè lórí jù, kí wọ́n gbájú mọ́ ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, wákàtí ìgégi á tán lórí ilẹ̀kùn 40, èrè á jẹ́ 320, àwọn tó ń kun ọ̀dà á sì káwọ́ lẹ́rán fún wákàtí 50. Bó bá jẹ́ fèrèsé nìkan, 43 ni wọ́n lè ṣe parí, èrè rẹ̀ kò sì ju 301 lọ.

Wàyí o, kí a pe iye ilẹ̀kùn ní I, kí a pe iye fèrèsé ní F. Gbèdéke ìgégi ni pé 3I + 2F kò gbọdọ̀ ju 120. Gbèdéke ọ̀dà ni pé 2I + 3F kò gbọdọ̀ ju 130. Bẹ́ẹ̀ ni I àti F kò gbọdọ̀ kéré sí òdo, ohun tó dà bí àwàdà, ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà kì í mọ̀ àfi tí a bá sọ fún un. Ohun tí a fẹ́ kó pọ̀ jù ni 8I + 7F. Nínú Excel, ohun èlò tó ń jẹ́ Solver ló ń ṣe iṣẹ́ yìí: ya àpótí kan sọ́tọ̀ fún I, òmíràn fún F, kọ ìṣirò èrè sínú àpótí kẹta, kọ iye wákàtí tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa lò sí ẹ̀gbẹ́ iye tó ní, kí o wá fi gbogbo rẹ̀ han Solver, kí o sì yan Simplex LP, ìyẹn ọ̀nà simplex tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Èsì tó máa mú wá ni ilẹ̀kùn 20 àti fèrèsé 30, pẹ̀lú èrè 370. Ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ: ìgégi gba 60 àti 60, ọ̀dà gba 40 àti 90, kò sí wákàtí kan tó ṣòfò.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pa kọ̀ǹpútà dé, bẹ́ẹ̀ ohun tó wúlò jù fún alákòóso kò tíì jáde. Nígbà tí Solver bá parí iṣẹ́, ó máa ń béèrè bóyá o fẹ́ ìròyìn tó ń jẹ́ Sensitivity, gbà á. Wàá rí òpó kan níbẹ̀ tí wọ́n kọ Shadow Price sí lórí, èyí tó ń sọ iye tí èrè máa fi gòkè bí gbèdéke kan bá fẹ̀ sí i ní ẹyọ kan. Nínú àpẹẹrẹ wa, wákàtí kan ní ẹ̀ka ìgégi níye lórí tó 2, ti ẹ̀ka ọ̀dà jẹ́ 1. Bí ẹ̀ka ìgégi bá rí wákàtí 5 sí i, ètò á di ilẹ̀kùn 23 àti fèrèsé 28, èrè á sì di 380. Nítorí náà, bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ní àwọn máa gba 1.5 lé iye tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ lórí wákàtí ofatáìmù kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí alákòóso gbà fún ẹ̀ka ìgégi, kí ó sì kọ̀ fún ẹ̀ka ọ̀dà, bó ti wù kí ọ̀gá ẹ̀ka ọ̀dà pariwo tó. Mo sọ pé “lé iye tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀” nítorí pé bí a bá ti yọ owó iṣẹ́ kúrò kí a tó pe èrè ní 8 àti 7, 2 tí ìròyìn náà kọ jẹ́ ohun tí a lè fi kún owó iṣẹ́ náà, kì í ṣe gbogbo owó wákàtí.

Iye yìí kì í wà bẹ́ẹ̀ títí láé. Ti ẹ̀ka ìgégi ṣeé gbára lé títí dé wákàtí 195, bí ọ̀dà bá wà ní 130. Ẹ̀ka ọ̀dà á ti di ẹyọ ibi tó há nígbà yẹn, igi tí wọ́n bá sì gé kọjá ibẹ̀ kò mú nǹkan kan wọlé. Ìròyìn kan náà á sọ fún ọ pé èrè orí ilẹ̀kùn lè já wá sí 5, ó sì lè gòkè dé 10, síbẹ̀ 20 àti 30 ni ètò náà á máa jẹ́. Èyí ń tu alákòóso lára, torí pé kò sẹ́ni tó mọ èrè orí ọjà rẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí iye tí o fojú díwọ̀n bá ṣáà ti wà láàárín ààlà yìí, má fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá ojúlówó rẹ̀ kiri.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé àwòṣe máa ń ṣe ohun tí a sọ fún un, kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Dantzig fẹ́ dín ara kù, ó sì ní kí kọ̀ǹpútà ṣètò oúnjẹ fún òun. Kí ebi má baà pa á, ó ní kí ìwúwo oúnjẹ náà, lẹ́yìn tí a bá yọ ti omi inú rẹ̀, pọ̀ débi tó bá lè pọ̀ dé. Ọtí kíkan (fíníga) 500 gálọ́ọ̀nù ló bá nínú èsì, nítorí pé àkọsílẹ̀ tó lò kò ka omi kankan sí i lára. Ó yọ ọtí kíkan kúrò. Èyí tó tún jáde ní kó lo kóró amọ́bẹ̀dùn 200. Ìgbà yẹn ló tó fi gbèdéke sórí ohun tí ènìyàn lè jẹ. Bí èsì tìrẹ bá jọ ọ́ lójú bí ọtí kíkan, má rẹ́rìn-ín kí o sì jù ú nù. Wá gbèdéke tí gbogbo yín mọ̀ lọ́kàn ṣùgbọ́n tí ẹnì kankan kò kọ sílẹ̀.

Bí èsì bá jáde ní ìdá, tí ohun tí à ń kà kò sì ṣeé dá sí méjì, bí ọkọ̀ tàbí ènìyàn, fi kún un fún Solver pé iye odindi ni kó lò. Fífi ọwọ́ yí i sí odindi lè kọjá gbèdéke, ó sì lè pàdánù ètò tó sàn jù. Mọ̀ pé ìròyìn Sensitivity kì í sí fún irú èyí.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló jẹ́ ti ìpín. Níbi tí oníbàárà ti ń tò, ìṣirò mìíràn la ń lò, ohun tó sì ń fi hàn máa ń ya alákòóso lẹ́nu. Ká ní òṣìṣẹ́ kan lè dá oníbàárà 10 lóhùn ní wákàtí kan, tí wọn kò dé létòlétò, tí àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà kò sì dọ́gba. Bí 8 bá ń dé ní wákàtí kan, oníbàárà á lo ìṣẹ́jú 30, ní ìpíndọ́gba, láti ìgbà tó dé títí tó fi lọ. Bí 9 bá ń dé, ó di wákàtí kan. Bó bá jẹ́ 9.5, ó di wákàtí 2. Alákòóso tó ń fẹ́ kí ọwọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ má dilẹ̀ rárá ń fi àkókò oníbàárà san án, ó sì yẹ kí iye owó méjèèjì wà nínú ìṣirò rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, gbé ètò náà lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka ìgégi àti ti ọ̀dà kí o tó fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, béèrè ìdí rẹ̀: ó lè jẹ́ pé ọ̀dà ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ gbẹ mọ́jú, tí àyè tí wọ́n ń sá a sí kò sì gbà ju 15 lọ. Gbèdéke tuntun nìyẹn. Kọ ọ́ sínú àwòṣe, kí o sì tún un ṣírò.