Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Láti Òkèèrè ní Yíya Àwòrán Ilé

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà. Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú téèpù, kó wọn yàrá tó ń sùn, kó yà á sórí ìwé ní ìwọ̀n 1:50, kó sì fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìyẹn ni pé kó pín gbogbo ohun tó bá wọn sí ọ̀nà àádọ́ta: mítà 3 á di sẹ̀ǹtímítà 6. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ wọn ilẹ̀kùn kò ní ya èyí tí bẹ́ẹ̀dì kò ní lè gbà wọlé.

Ilẹ̀ tí wọ́n máa yàwòrán ilé fún, kó jẹ́ ti àdúgbò oníkálukú. Kó débẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó ṣe fídíò ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí àti ibi tí àgbàrá ń gbà. Ní Ìbàdàn níbí, mo máa ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ògiri tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, torí oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó ń ta láti ìwọ̀ oòrùn kì í jẹ́ kí yàrá ṣeé sùn.

Páálí lásán ti tó láti fi ṣe mọ́dẹ́lì, ìyẹn àwòkọ́ ilé náà ní kékeré.

Tí iṣẹ́ bá dé, ẹ má bá wọn tún un yà. Ẹ fi bírò pupa yí ibi tó kù díẹ̀ káàtó ká, kí ẹ wá gba ohùn yín sílẹ̀ lórí WhatsApp, kí ẹ fi bi akẹ́kọ̀ọ́ náà léèrè: “Ibo ni èéfín ilé ìdáná yìí máa gbà jáde?” Ohùn kì í jẹ dátà bíi fídíò.