Ọjọ́ mẹ́ta ní Àfonífojì Wye nígbà ìwọ́wé: bí a ṣe ń wa ọkọ̀ ojú omi, tí a ń rin òkè, tí a sì ń gun kẹ̀kẹ́

Ètò tí kò ṣeé yí padà ló sábà ń ba irú ìrìn-àjò yìí jẹ́. Àwọn èèyàn á ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ilé pé ọjọ́ Jímọ̀ ni kẹ̀kẹ́, Sátidé ni omi, ọjọ́ Àìkú ni òkè. Wọ́n á wá dé etí odò láàárọ̀ Sátidé, wọ́n á bá a tó ti kún dé ìdí igi. Ní Àfonífojì Wye, níbi tí ilẹ̀ England àti Wales ti pààlà, odò ló ń yan ọjọ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ yàn, kí ẹ wá pín ọjọ́ méjì tó kù fún ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́.

Symonds Yat ni kí ẹ fi ṣe ibùdó, abúlé kékeré kan láàárín Ross-on-Wye àti Monmouth. Bí ẹ bá wa mọ́tò láti London, ẹ fojú sí nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Kò sí reluwé tó ń dé abúlé náà mọ́. Gloucester tàbí Hereford lẹ máa sọ̀ sí, kí ẹ tó wá ọkọ̀ mìíràn. Ohun tí a fi yan ibẹ̀ ni pé láti inú ilé kan ṣoṣo tí ẹ bá háyà, ẹ lè dé orí omi, orí àpáta àti ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ láìtún wa mọ́tò lọ sí ibi tó jìnnà. Ọ̀nà tó wọ Symonds Yat East, apá abúlé náà tó wà ní ìlà-oòrùn odò, ga, ó sì há. Ẹ dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ewé igi oak àti beech máa ń pọ́n láti àárín oṣù kẹwàá títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹwàá la fọwọ́ sí jù, nítorí ìmọ́lẹ̀. Ní àárín oṣù náà, oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù ni wọ́n ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, nígbà tí oṣù kọkànlá bá sì fi bẹ̀rẹ̀, kí agogo márùn-ún tó lù, oòrùn ti wọ̀. Nínú àfonífojì jíjìn, lábẹ́ igi, òkùnkùn máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kíka odò kí ẹ tó kúrò nílé

Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ á gbẹ. Odò Wye kì í gbàgbé. Láti orí òkè Plynlimon ní Wales ló ti ń bọ̀, nǹkan bíi kìlómítà 250 ló sì ń rìn kó tó bá odò Severn pàdé nítòsí Chepstow. Òjò tó rọ̀ lórí àwọn òkè Wales lónìí lè má tíì dé Ross-on-Wye títí di ọ̀la. Ìdí nìyẹn tí oòrùn fi lè máa ràn ní Symonds Yat, tí ọ̀run mọ́ kedere, síbẹ̀ tí omi ń gòkè lábẹ́ ẹsẹ̀ yín.

Láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni kí ẹ ti máa wo ìwọ̀n omi ní Ross-on-Wye lórí ìkànnì ìjọba tó ń sọ nípa àgbàrá àti ìwọ̀n odò. Ẹ wò ó láàárọ̀, ẹ tún wò ó lálẹ́. Ẹ má wo nọ́ńbà nìkan. Ẹ wo ibi tí ìlà tó ń fi ìwọ̀n omi hàn níbẹ̀ ń kọjú sí. Bí ó bá ń gòkè, kódà kó má tíì ga, ẹ sún omi síwájú, ẹ fi kẹ̀kẹ́ tàbí ẹsẹ̀ rọ́pò. Bí ó bá dúró sójú kan tàbí tó ń lọ sílẹ̀, tó sì wà láàárín ìwọ̀n tí wọ́n pè ní ti ojoojúmọ́, ẹ lè pe àwọn tó ń yá èèyàn ní ọkọ̀ alájẹ̀ (canoe). Ẹ tètè pè, torí ọ̀pọ̀ wọn ń dín iṣẹ́ kù tàbí kí wọ́n kógbá wọlé bí òtútù ṣe ń wọlé. Bí wọ́n bá ní àwọn kò gbé ọkọ̀ sómi lọ́jọ́ náà, ẹ má wá ẹlòmíràn tó máa gbà fún yín.

Nígbà tí ẹ bá dé etí odò, ẹ tún fi ojú yín wò ó. Omi tó pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, ẹ̀ka igi tó ń léfòó kọjá, koríko etí odò tó ti wọ abẹ́ omi: bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ padà.

Ẹ kò nílò láísẹ́ńsì láti wa ọkọ̀ láti afárá Hay-on-Wye títí dé afárá Bigsweir, nítorí gbogbo ayé ló ní ẹ̀tọ́ sí ojú omi ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ etí odò ní olówó. Ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nìkan ni kí ẹ ti gbé ọkọ̀ sómi tàbí kí ẹ ti gúnlẹ̀. Ẹ má ṣe kọjá Bigsweir rárá. Ìgbì òkun ń wọ odò níbẹ̀, ó sì le ju ohun tí ẹni tó wá ṣeré lè kápá lọ.

Ohun tí ẹ máa wọ̀

Ẹ fi jíìnsì sílẹ̀. Aṣọ òwú tó bá ti mumi, orí ara ló ń tutù sí, kì í tètè gbẹ. Aṣọ wúlù tàbí polyester ni kí ẹ wọ̀ sábẹ́, kí ẹ wọ èyí tó nípọn díẹ̀ lé e, kí ẹ wá fi ẹ̀wù òjò borí. Bàtà tó ṣeé rẹ sómi, tó sì dì mọ́ ẹsẹ̀, ló dára fún ọkọ̀. Ẹ má wọ bàtà òjò gígùn, torí bí èèyàn bá ṣubú, omi á kún inú rẹ̀, á sì wúwo. Ẹ di ààrọ̀ aṣọ kan lódindi, táwẹ̀lì àti fìlà sínú àpò tí omi kì í wọ̀, kí ẹ so ó mọ́ ọkọ̀. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù nínú fúláàsì ẹlẹ́nu fífẹ̀ ṣì máa ń gbóná di ọ̀sán, ó sì ń gbéni ró lórí omi ju búrẹ́dì tútù lọ.

Ẹni tó di irun dáadáa kó rántí àṣíborí kẹ̀kẹ́. Irun tí a kó jọ sí àtàrí kì í jẹ́ kí ó jókòó, á máa mì sẹ́yìn, á sì ṣí iwájú orí sílẹ̀. Ẹ so irun náà sí ẹ̀yìn ọrùn, kí ẹ tó wọn àṣíborí, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á tàbí yá a.

Ọjọ́ omi: láti Kerne Bridge sí Symonds Yat East

Ìrìn yìí jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 12 lórí omi, wákàtí mẹ́ta fún ẹni tó ń wakọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìka oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ wọ omi kí agogo mẹ́wàá àárọ̀ tó kọjá. Àwọn tó ń yá ọkọ̀ sábà máa ń gbé èèyàn lọ sókè odò, kí ẹ lè fi mọ́tò yín sílẹ̀ níbi tí ẹ máa parí sí. Ẹ bi wọ́n léèrè nígbà tí ẹ bá ń sanwó.

Kí ẹnikẹ́ni tó wọlé sọ́kọ̀, ẹ wọ ẹ̀wù amúniléfòó, kí ẹ sì di gbogbo okùn rẹ̀. Kí ẹnì kan di èjìká ẹ̀wù náà mú, kó fà á sókè. Bó bá gòkè dé etí, ó tóbi jù. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ kó sọ ọ́ fún àwọn tó ń yá ọkọ̀, kó má tijú.

Ẹni tó wúwo jù ni kó jókòó sẹ́yìn, ẹrù sí àárín. Ẹ di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ méjèèjì mú bí ẹ bá ń wọlé, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ sí àárín gbùngbùn. Bí àjẹ̀ bá dé àgbọ̀n ẹni tó dúró, ó bá a mu.

Ẹni iwájú ló ń fún ọkọ̀ ní eré, ẹni ẹ̀yìn ló ń darí. Kí ọ̀kan máa wà ní ọ̀tún, kí èkejì máa wà ní òsì. Ẹ ti ojú àjẹ̀ bọ omi pátápátá ní ìtòsí ẹsẹ̀, ẹ fà á dé ìbàdí, ẹ yọ ọ́. Ọkọ̀ á máa fẹ́ yà kúrò ní ẹ̀gbẹ́ tí ẹni ẹ̀yìn ti ń wà á. Láti tún un ṣe, bí àjẹ̀ bá ti dé ìbàdí, kí ó yí àtàǹpàkò ọwọ́ òkè kọjú sílẹ̀, kó sì ti àjẹ̀ síta díẹ̀ kó tó yọ ọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí àwọn méjèèjì máa pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ ní gbogbo ìgbà. Ọkọ̀ á máa ta kókóló bí ẹni tó mu ẹmu, agbára á sì tán kí ẹ tó dé Lydbrook, abúlé kan lójú ọ̀nà.

Níbi tí odò bá ti ṣẹ́ kọ́ọ̀nà, ẹ̀yìn kọ́ọ̀nà ni omi ti ń sáré jù, ibẹ̀ náà ni igi tó ṣubú sábà ń wà. Irú igi bẹ́ẹ̀ dà bí asẹ́: omi á kọjá, èèyàn kò ní lè kọjá. Ẹ ti tètè máa wakọ̀ sí inú kọ́ọ̀nà kí ẹ tó dé ibẹ̀. Bí omi bá gbé yín lọ lù ú náà, ẹ fi ara tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ igi, ẹ má ṣe sá fún un. Bí ẹ bá fi ara sí ibi tí omi ti ń bọ̀, omi á wọ ọkọ̀, á sì dà á dé.

Bí ẹ bá ṣubú, omi oṣù kẹwàá ti tutù ju ìwọ̀n 15 sẹ́ńtígíréèdì lọ, àyà á já, ẹ ó sì máa mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, kí ẹsẹ̀ wà níwájú ní ibi tí omi ń ṣàn lọ, títí èémí á fi balẹ̀. Kì í ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ. Ẹ má dìde dúró nínú omi tó ń sáré, nítorí ẹsẹ̀ lè há sáàárín òkúta, kí omi sì bì yín lulẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ọkọ̀ wà lẹ́yìn yín, kó má baà fún yín mọ́ òkúta.

Lẹ́yìn Lydbrook ni àpáta Coldwell, níbi tí àṣá peregrine ń gbé. Odò á yí ká òkè Huntsham, á sì dà bí ẹni pé ó ń padà sí ibi tó ti wá. Bí ẹ bá rí àwọn apẹja, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ rọra kọjá.

Ní Symonds Yat East, ẹ gúnlẹ̀ sí apá òsì níbi tí wọ́n bá fi hàn yín. Ní ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí i ni omi ti ń ru lórí òkúta; ipele kejì ni wọ́n kà á sí, ẹ ó sì gbọ́ ìró rẹ̀ kí ẹ tó rí i. Fún ẹni tí kò tíì kọ́ omi ríru, òpin ìrìn nìyẹn.

Ọjọ́ ẹsẹ̀: Symonds Yat Rock àti afárá Biblins

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lókè, ní Symonds Yat Rock, tó ga ju odò lọ ní nǹkan bíi mítà 120. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí apá kan ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà, odò lọ́tùn-ún, odò lósì. Ẹ gba àtẹ̀gùn inú igbó sọ̀kalẹ̀ sí etí odò, kí ẹ tẹ̀ lé omi sísàlẹ̀ fún kìlómítà méjì àbọ̀ dé Biblins. Afárá tí wọ́n fi wáyà so rọ̀ wà níbẹ̀. Ó ń mì, nítorí náà, iye èèyàn tí pátákó ibẹ̀ bá ní kó wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni kí ẹ jẹ́ kó wà lórí rẹ̀. Ẹ sọdá, kí ẹ gba etí odò kejì padà sókè dé ibi tí ọkọ̀ ìsọdá wà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ fa lórí okùn. Ẹ mú owó kéékèèké dání. Bí omi bá ga, ọkọ̀ ìsọdá kì í ṣiṣẹ́, torí náà ẹ bèèrè kí ẹ tó kúrò ní Symonds Yat East. Bí kò bá sí, láti Biblins ni kí ẹ ti padà gba ọ̀nà tí ẹ bá wá.

Àtẹ̀gùn yẹn ló ń dá èèyàn lágara nígbà tí ẹ bá ń padà gun òkè. Ewé tó tutù lórí gbòǹgbò igi ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ẹ wọ bàtà tó ní eyín nísàlẹ̀, kí ẹ máa gbé ẹsẹ̀ kúkúrú. Bí ẹ bá rí ilẹ̀ tí nǹkan ti hú káàkiri, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ igbó ló kọjá; ẹ so ajá yín, bí ẹ bá sì rí ìyá ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún wọn. Lálẹ́, ẹ yẹ orúnkún, abíyá àti abẹ́ ìgbànú wò bóyá eégbọn wà lára.

Ọjọ́ kẹ̀kẹ́: Peregrine Path dé Monmouth

Èyí ló rọrùn jù. Ojú irin tí wọ́n ṣí ní 1873, tí wọ́n sì tì ní 1959, ni wọ́n sọ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́, ìdí nìyẹn tí kò fi ní òkè tó le. Nǹkan bíi kìlómítà 8 ni láti Symonds Yat East dé Monmouth, òkúta wẹ́wẹ́ ló pọ̀ lójú ọ̀nà, apá ìparí sì jẹ́ ọ̀nà mọ́tò tí kò kún. Táyà tó fẹ̀ tó mílímítà 35 sí 45 ló bá a mu. Ẹ má fẹ́ táyà náà le koko. Táyà tó rọ díẹ̀ ló ń di ilẹ̀ tútù mú.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ jókòó sórí kẹ̀kẹ́, kí ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà nígbà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ yẹ kó nà tán. Bó bá ká, ẹ gbé ìjókòó sókè. Ẹ fún búréèkì méjèèjì, ẹ da epo sí ṣéènì, kí ẹ mú tíúbù kan, irin tí wọ́n fi ń ṣí táyà àti pọ́ọ̀ǹpù dání, torí kò sí fọganáísà nínú igbó. Níbi tí ewé bá bo ọ̀nà, ẹ ti fún búréèkì kí ẹ tó dé orí rẹ̀, kí ẹ wá jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ kọjá tààrà. Ẹni tó bá fún un lórí ewé, tàbí tó yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀. Ẹ lu aago fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn.

Ní Monmouth, ẹ lọ wo afárá Monnow, òun nìkan ló kù ní Britain tí ilé ìṣọ́ àtijọ́ ṣì dúró lórí rẹ̀. Ẹ jẹun, kí ẹ sì gbéra padà nígbà tí wákàtí méjì ó kéré tán ṣì kù kí oòrùn wọ̀. Ẹ tan iná funfun síwájú àti pupa sẹ́yìn bí abẹ́ igi bá ti ń ṣókùnkùn.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ fọ bàtà omi àti àpò tó wọ odò, ẹ nu pàǹtírí ewéko kúrò lára wọn, kí ẹ sá wọn gbẹ táútáú kí wọ́n tó tún wọ odò mìíràn. Ewéko àjèjì tó kéré bí èékánná, tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ bàtà, lè gba gbogbo odò tuntun náà kan.